Bí mo ṣe ṣírò fọ́ńkíṣọ̀n H fún ìmọ́lẹ̀ tí àwọsánmà ń dá padà: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe rẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: bí oòrùn bá ràn sórí àwọsánmà tó nípọn gan-an, mélòó nínú ìmọ́lẹ̀ náà ló ń padà sókè, láti igun kọ̀ọ̀kan? Àwọn ètò ńlá wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó lè dáhùn rẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ láti ìdí, kí n lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ó gbà mí ní alẹ́ márùn-ún. Mẹ́ta nínú wọn ló lọ sórí àṣìṣe, mo sì kọ gbogbo wọn síbí, torí inú àṣìṣe wọ̀nyẹn gan-an ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tó wúlò.

Mo mú un rọrùn níbì kan. Ẹ̀kán omi inú àwọsánmà gidi máa ń ta ìmọ́lẹ̀ síwájú ju bó ṣe ń ta á sẹ́yìn lọ. Mo fi ìyẹn sílẹ̀, mo gbà pé ó ń fọ́n ọn ká sí gbogbo ìhà bákan náà. Mo tún gbà pé àwọsánmà náà nípọn débi pé ìmọ́lẹ̀ kankan kò lè yọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà náà, ìdáhùn kò ju ìlà kan lọ:

I = (ω/4) · F · μ₀/(μ + μ₀) · H(μ) · H(μ₀)

I ni ìmọ́lẹ̀ tó ń padà sókè, πF ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń wọlé. μ₀ ni kósáìnì igun tó fi wọlé, μ ni kósáìnì igun tí ìmọ́lẹ̀ fi jáde. ω ni ìdá ìmọ́lẹ̀ tó ń yè nígbà tó bá kan ẹ̀kán omi kan: bí ω bá jẹ́ 1, kò sí ohun tí omi gbé mì, bí ó bá jẹ́ 0.9, ìdá kan nínú mẹ́wàá ń sọnù ní ìkànkan kọ̀ọ̀kan. Ohun gbogbo tó ta kókó wà nínú H.

Ambartsumian, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ló rí ojú ọ̀nà náà ní àwọn ọdún 1940: bí a bá gbé ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ kan lé orí àwọsánmà tí kò nísàlẹ̀, àwọsánmà tí kò nísàlẹ̀ náà la ṣì ní, nítorí náà ohun tó ń dá padà kò gbọ́dọ̀ yí padà. Láti inú gbólóhùn yẹn ni ìdọ́gba H ti jáde. Chandrasekhar, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ bíi tirẹ̀, ló wá fi H ṣe orúkọ rẹ̀, tó sì ṣe tábìlì rẹ̀ jáde ní nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn àmì désímà, láti μ = 0 dé μ = 1. Tábìlì yẹn ni mo fi ń yẹ ara mi wò.

Irinṣẹ́: kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, Python pẹ̀lú numpy, ìwé ìdárayá, pẹ́ńsùlù, ẹ̀rọ ìṣirò kékeré. Kò ná mi lówó kankan. Ó ná mi lóorun.

Ìdọ́gba náà nìyí:

H(μ) = 1 + (ω/2) · μ · H(μ) · ∫₀¹ H(μ′)/(μ + μ′) dμ′

Ẹ rí i pé H wà lápá òsì, ó tún wà lẹ́ẹ̀mejì lápá ọ̀tún. A ò lè yọ ọ́ jáde tààrà. Ohun tí a ń ṣe ni pé a óò fi H kan dábàá (mo fi 1 bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo), a óò ki í bọ apá ọ̀tún, èyí tó bá jáde la óò tún ki í bọ ọ́, títí nọ́ńbà náà yóò fi dúró sójú kan.

Àyẹ̀wò kan wà tí gbogbo ènìyàn máa ń lò. Ẹ jẹ́ ká pe àròpọ̀ H láti 0 dé 1 ní α₀. Bí ω bá jẹ́ 1, α₀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 2 gẹ́lẹ́. Fún ω mìíràn, ó jẹ́ (2/ω)(1 − √(1−ω)). Ẹ fi α₀ yìí sọ́kàn, torí òun ló tàn mí jẹ jù nínú iṣẹ́ yìí.

1. Alẹ́ àkọ́kọ́: ojú-àmì 21

Mo pín 0 sí 1 sí ààyè 20 tó dọ́gba, ìyẹn ojú-àmì 21, mo sì fi ọ̀nà tírápísọ́ìdì, tó ń fi ìlà tààrà so ojú-àmì pọ̀, ṣe íńtégírà náà (àròpọ̀ tí àmì ∫ dúró fún). Àyípo àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti di "nan", ìyẹn ni pé kì í ṣe nọ́ńbà mọ́. Kò pẹ́ tí mo fi rí i: ní ojú-àmì àkọ́kọ́, μ jẹ́ 0, μ′ náà jẹ́ 0, μ/(μ + μ′) sì di òfo tí a pín fún òfo.

Mo ní, "H(0) jẹ́ 1, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí n fi òfo síbẹ̀ kó parí." Mo fi òfo síbẹ̀. Ètò náà ṣiṣẹ́. Mo fi ω = 1 sí i, mo jẹ́ kó yí ìgbà 3,000. α₀ dúró sórí 1.975, kò sún mọ́.

Mo rò pé ààyè 20 ló kéré jù. Mo sọ ọ́ di 200, mo jẹ́ kó yí ìgbà 20,000: 1.9975. Nígbà tí mo kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọkàn mi kò balẹ̀. Bí a bá sọ ààyè di ìlọ́po mẹ́wàá, ó yẹ kí àṣìṣe tírápísọ́ìdì dín kù ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Tèmi dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá péré. Nǹkan mìíràn ló ń jẹ ẹ́.

Mo gbé pẹ́ńsùlù. Òfo tí mo fi sí igun yẹn ni. Ìwúwo ojú-àmì àkọ́kọ́ (ìpín tó ní nínú àròpọ̀) nínú tírápísọ́ìdì jẹ́ ìdajì ààyè kan, 0.025 fún ààyè 20. Òfo mi yọ 0.025²/4 kúrò nínú ìdọ́gba α₀, ìyẹn nǹkan bíi 0.00016. Nọ́ńbà kékeré gan-an ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ω bá jẹ́ 1, ìdọ́gba α₀ ni (1 − α₀/2)² = 0, ojútùú méjì tó lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí ẹ bá ti fi nǹkan kékeré sí apá ọ̀tún irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò oníméjì rẹ̀ ló máa fara hàn nínú ìdáhùn, gbòǹgbò oníméjì nǹkan kékeré sì tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí 0.00016 fi di 0.025.

Bí mo bá fi ½ síbẹ̀ dípò òfo, α₀ á padà sí 2, ṣùgbọ́n H(0) á di 1.0063 dípò 1. Ọ̀kan máa tọ́, èkejì máa yẹ̀. Ìpinnu mi ni pé kò yẹ kí μ = 0 jẹ́ ojú-àmì rárá. Ọ̀nà Gauss, tó ń fúnra rẹ̀ yan ojú-àmì àti ìwúwo wọn, kì í fi ojú-àmì sí etí, nítorí náà mo bọ́ síbẹ̀.

2. Gauss, àti ìwúwo tí mo gbàgbé láti dá sí méjì

numpy máa ń fún wa ní ojú-àmì Gauss láàárín −1 àti 1. Mo gbé wọn wá sáàárín 0 àti 1 dáadáa, mo sì gbàgbé pé ìwúwo wọn náà gbọ́dọ̀ di ìdajì. Àròpọ̀ ìwúwo mi jẹ́ 2 dípò 1. Ohun tí α₀ ṣe nìyí láti àyípo dé àyípo:

2, 3, 4.25, 6.52, 12.61, 41.77, 438.27…

Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ni kò dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwúwo bá jẹ́ ìlọ́po méjì, ìyẹn dà bí ìgbà tí ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan ń dá ìmọ́lẹ̀ méjì padà fún ọ̀kan tó gbà, ìmọ́lẹ̀ inú àwọsánmà sì ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró. Nọ́ńbà yẹn ń sọ òtítọ́ nípa ohun tí mo kọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo bá gba ojú-àmì ni èyí tó ń yẹ̀ ẹ́ wò pé àròpọ̀ ìwúwo jẹ́ 1. Bí kò bá jẹ́ 1, kí ètò kú síbẹ̀.

3. Ó tọ́, ṣùgbọ́n kò dé

Mo tún ìwúwo ṣe. Ojú-àmì 20. Fún ω = 0.5, α₀ wọlé ní nǹkan bí àyípo 12, títí dé nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́yìn àmì désímà. Inú mi dùn. Fún ω = 0.9, bíi 37. Fún 0.99, bíi 131. Mo fi ω = 1 sí i:

1, 1.25, 1.3906, 1.4835, 1.5502…

Lẹ́yìn àyípo 100 ó wà ní 1.963. Lẹ́yìn 1,000, 1.996.

Mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé. Ẹ wo ohun tó jáde. Bí ẹ bá ro H tuntun pọ̀ lórí gbogbo μ, ẹ ó rí μ/(μ + μ′) fún gbogbo ìsọ̀rí méjì-méjì. Ẹ pààrọ̀ ipò μ àti μ′, ẹ tún rò ó pọ̀: μ/(μ + μ′) pẹ̀lú μ′/(μ + μ′) jẹ́ 1 pátápátá. Ìyẹn ni pé íńtégírà tó ń da ènìyàn láàmú yẹn parẹ́, ohun tó kù ni:

α₀ tuntun = 1 + ω · α₀²/4

Ẹ fi 1 bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí 1.25, 1.3906, 1.4835, gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà mi ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. Láti ibí ni a ti lè mọ bí yóò ṣe yára tó ṣáájú ká tó tan ẹ̀rọ: ní àyípo kọ̀ọ̀kan, ohun tó kù di ìlọ́po 1 − √(1−ω) ti tẹ́lẹ̀. Fún 0.5, ìyẹn jẹ́ 0.29. Fún 0.9, 0.68. Fún 0.99, 0.9. Fún 1, ó jẹ́ 1, ìyẹn ni pé kò dín kù bí àwọn yòókù ṣe ń dín kù. Ohun tó kù lẹ́yìn àyípo n jẹ́ nǹkan bíi 4/n. Bí mo bá fẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà, àyípo mílíọ̀nù mẹ́rin ni. Kì í ṣe pé ètò mi bàjẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí kò sí ohun tó ń gbé e mì máa ń kan ẹ̀kán omi láìmọye ìgbà kó tó jáde, àyípo kọ̀ọ̀kan sì dà bí ìkànkan kan sí i.

4. Yíyí ìdọ́gba náà padà

Ìdọ́gba H ní ìrísí kejì, tó dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ nínú ìṣirò:

1/H(μ) = √(1−ω) + (ω/2) ∫₀¹ μ′ · H(μ′)/(μ + μ′) dμ′

Mo rí i pé √(1−ω) ti wà nínú rẹ̀ tààrà, mo ní ojútùú méjì tó lẹ̀ mọ́ ara wọn yẹn kò ní dà mí láàmú mọ́. Mo fi ω = 1 sí i. Ó ń fò sókè-sódò, kò sì dáwọ́ dúró.

Láti mọ ìdí, mo dín ojú-àmì kù sí ẹyọ kan: μ = ½, ìwúwo 1. Ìdọ́gba náà di H tuntun = 4/H. Ẹ fi 1 bẹ̀rẹ̀: 4, 1, 4, 1, 4, 1. Bí H bá kéré jù, èyí tó tẹ̀ lé e á tóbi jù ní ìwọ̀n kan náà, títí ayé. Bó ṣe rí fún ojú-àmì kan ló rí fún ogún.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: kí a mú ìpíndọ́gba ti àná àti ti òní. Pẹ̀lú ojú-àmì kan yẹn, láti 1:

1 → 2.5 → 2.05 → 2.0006

Bí ẹ bá ti kọ́ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń wá gbòǹgbò oníméjì nọ́ńbà, ẹ ó mọ ojú èyí. Òun náà ni, 4 la ń wá gbòǹgbò rẹ̀. Fún ojú-àmì 20, ohun tó kù ń di ìdajì ó kéré tán ní àyípo kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ti sún mọ́lé. Àyípo bí 40 ti tó fún nọ́ńbà méjìlá. Láti mílíọ̀nù mẹ́rin sí ogójì, nítorí ìlà kan tó sọ pé H = 0.5·(H àná + H òní).

Ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí ẹ bá mú H tó jẹ́ 2 ní ojú-àmì kan ṣoṣo yẹn, tí ẹ sì fi wá H ní μ mìíràn, ohun tó jáde ni H(μ) = 1 + 2μ. Fún ω yòówù, (1 + 2μ)/(1 + 2μ√(1−ω)) ló ń jáde. Èyí gan-an ni ìdámọ̀ràn Hapke tí àwọn tó ń wo ojú òṣùpá àti pílánẹ́ẹ̀tì ń lò. Mo ti rí i níbi púpọ̀, n kò mọ̀ pé Gauss olójú kan ló fara pamọ́ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ dípò 1.

5. Àyẹ̀wò tí kò yẹ nǹkan kan wò

Níbí ni mo ti pàdánù alẹ́ kẹta odindi. α₀ mi jẹ́ 2.000000000000. Mo tún mọ òmíràn: α₁, àròpọ̀ μ·H(μ), gbọ́dọ̀ jẹ́ 2/√3, ìyẹn 1.154701, bí ω bá jẹ́ 1. Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Mo kọ "ó ti parí" sínú ìwé. Ká ní ojú-àmì díẹ̀ ni mo lò, irọ́ gbáà ni ohun tí mo kọ yẹn ìbá jẹ́, àyẹ̀wò méjèèjì ìbá sì jẹ́rìí sí i.

Ohun tó ṣí mi lójú ni pé mo dán ojú-àmì méjì wò, kí n lè fi pẹ́ńsùlù ṣe é. Gauss olójú méjì láàárín 0 àti 1: μ = 0.211325 àti 0.788675, ìwúwo ½ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ω = 1, H wọn jẹ́ 1.464102 àti 2.535898. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ dá a sí méjì: 2 gẹ́lẹ́. Ẹ fi μ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀: 0.309401 àti 2.000000, ìdajì àròpọ̀ wọn jẹ́ 1.154701. Àyẹ̀wò méjèèjì yege láìsí àbùkù, pẹ̀lú ojú-àmì méjì péré!

Mo wá fi wọ́n wá H níbi tí tábìlì Chandrasekhar ní iye sí:

μ = 1: tèmi 2.9121, tábìlì 2.9078
μ = 0.5: tèmi 2.0131, tábìlì 2.0128
μ = 0.1: tèmi 1.2329, tábìlì 1.2474
μ = 0.05: tèmi 1.1209, tábìlì 1.1368

Ní μ = 0.05 ó ti yẹ̀ ní 0.016, α₀ àti α₁ kò sì sọ nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ wà nínú ohun tí mo ti rí ní ìpele 3: íńtégírà náà parẹ́ nígbà tí a bá rò ó pọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí α₀ ń béèrè ni pé kí àròpọ̀ ìwúwo jẹ́ 1. Ohun tí α₁ ń béèrè ni pé kí àròpọ̀ ìwúwo pẹ̀lú μ² jẹ́ ⅓, Gauss olójú méjì sì ti ń ṣe ìyẹn dáadáa. Àyẹ̀wò méjèèjì ń yẹ ojú-àmì àti ìwúwo wò. Wọn kò kan H lára. Inú ìdọ́gba tí mo ń tú náà ni wọ́n ti jáde, mo sì ń bi ẹlẹ́rìí léèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ ń sọ òtítọ́.

Ibi tí H ti le ni ẹ̀gbẹ́ òfo. Nítòsí μ = 0, H ń lọ bíi 1 − (ω/2)·μ·ln μ, ìyẹn ni pé ó ń ga sókè lójijì kó tó máa lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Láti kó ojú-àmì lọ síbẹ̀, mo fi μ = s², mo sì tan ojú-àmì Gauss 20 sórí s; ìwúwo kọ̀ọ̀kan di 2s·w. Ìlà méjì ni mo yí padà. Àròpọ̀ ìwúwo ṣì jẹ́ 1.

6. Ọ̀nà kejì tí kò bá ti àkọ́kọ́ tan

Lẹ́yìn èyí, mo fẹ́ ọ̀nà mìíràn pátápátá tí kò ní àyípo nínú. Ó wà: fún ìfọ́nká tó dọ́gba sí gbogbo ìhà, a lè kọ H tààrà gẹ́gẹ́ bí íńtégírà kan:

ln H(μ) = −(1/π) ∫₀^(π/2) ln(1 − ω·arctan(t)/t) dφ, níbi tí t = tan φ/μ

Kò sí H lápá ọ̀tún. Ẹ ṣe íńtégírà, ẹ rí ìdáhùn, ó tán.

Mo ṣe é fún μ = 1, ω = 1, pẹ̀lú ààyè 100 tí mo mú àárín wọn: 2.898. Mo sọ ọ́ di 1,000: 2.9068. Ìlọ́po mẹ́wàá iṣẹ́ fún nọ́ńbà kan ṣoṣo tó tún ṣe. Mo ti rí irú èyí ní alẹ́ àkọ́kọ́, n kò tún dúró kí n máa fi ààyè kún ààyè. Ní φ = 0, ohun tó wà nínú ln di òfo, ln òfo sì ń já lọ sísàlẹ̀ láìlópin. Àròpọ̀ rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ààyè tó sún mọ́ òfo jù lọ máa ń ṣì í kà.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo yọ ibi tó ń já lọ yẹn jáde, mo fi ọwọ́ ṣe é, mo fi èyí tó kù fún kọ̀ǹpútà. Íńtégírà ln(t²/(1 + t²)) láti 0 dé π/2 jẹ́ −π·ln(1 + μ) gẹ́lẹ́. Nítorí náà, fún ω = 1:

H(μ) = (1 + μ) · exp{ −(1/π) ∫₀^(π/2) ln[(1 − arctan(t)/t)·(1 + t²)/t²] dφ }

Ohun tó wà nínú íńtégírà yìí tẹ́jú: ó bẹ̀rẹ̀ ní ln(⅓), ó parí ní 0, kò sí ibi tó ti fò. Ó tẹ́jú débi pé mo fi pẹ́ńsùlù ṣe é fún μ = 1 pẹ̀lú ojú-àmì márùn-ún, ní φ = 0, π/8, π/4, 3π/8 àti π/2:

−1.0986, −1.0366, −0.8458, −0.5111, 0

Mo fi ọ̀nà Simpson rò wọ́n pọ̀ (1, 4, 2, 4, 1): −8.981. Mo sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú π/24, mo pín in fún −π: 0.3742. Exp rẹ̀ jẹ́ 1.4538, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 2.9076. Tábìlì ní 2.9078. Ojú-àmì márùn-ún, lórí tábìlì oúnjẹ, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò kékeré. Mo wo nọ́ńbà yẹn pẹ́.

Àkíyèsí kan fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́: nígbà tí t bá kéré gan-an, ẹ má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò 1 − arctan(t)/t bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ló ń yọ kúrò nínú ara wọn, nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì á ṣòfò. Fún t tó kéré sí 0.001, mo fi t²/3 − t⁴/5 rọ́pò rẹ̀.

7. Ohun tó jáde

Mo lo ọ̀nà méjèèjì lórí gbogbo μ inú tábìlì, láti 0 dé 1, 0.05 sí 0.05. Àyípo pẹ̀lú ojú-àmì 20 lórí s, àti íńtégírà tààrà. Méjèèjì bá tábìlì mu ní gbogbo nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 1.1368 ní 0.05, 1.2474 ní 0.1, 2.0128 ní 0.5, 2.9078 ní 1. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mo wá padà sí ìbéèrè mi. Oòrùn wà ní òkè orí gan-an, èmi náà ń wò tààrà láti òkè, μ = μ₀ = 1. Fún ω = 1, I = F · 2.9078²/8 = 1.057 F. Pákó funfun tí kò gbé ìmọ́lẹ̀ kankan mì, tó ń dá a padà dọ́gba sí gbogbo ìhà, yóò fún wa ní 1 F. Àwọsánmà yìí mọ́lẹ̀ jù ú lọ díẹ̀ láti òkè, ó sì ṣókùnkùn jù ú lọ láti ẹ̀gbẹ́: ní μ = 0.1, 0.824 F. Ká ní 1 + 2μ ni mo lò, ìdáhùn òkè ìbá jẹ́ 1.125 F. H yẹ̀ ní nǹkan bíi 3% péré, ṣùgbọ́n H méjì la ń sọ di púpọ̀, nítorí náà àṣìṣe di ju 6% lọ.

Lẹ́yìn náà mo yí ω sí 0.9. H(1) bọ́ sílẹ̀ láti 2.908 sí 1.850, I sì di 0.385 F. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì torí mo rò pé mo ti tún ba nǹkan jẹ́, mo sì fi íńtégírà tààrà yẹ̀ ẹ́ wò: 1.850 náà ni. Omi ń gbé ìdá kan péré nínú mẹ́wàá mì ní ìkànkan kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà sí mi lójú sì ti dín kù ní ohun tó ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún lọ. Ìkànkan láìmọye tó mú kí α₀ mi máa rìn bí ìgbín ní ìpele 3 náà ló ṣe é.

Àwọsánmà tó fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ lè yọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò lo H. Fọ́ńkíṣọ̀n méjì, X àti Y, ló ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ìdọ́gba èkejì. Fáìlì wọn ti ṣí sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ mi. Ìlà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni èyí tó ń yẹ àròpọ̀ ìwúwo wò.